Bílẹ́ńdà àti sítírọ́ọ̀ fún smoothie inú ilé: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ọmọ mi méjì la máa ń mu smoothie láràárọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ìbẹ́pẹ tí mo ti gé sínú fìrísà. 4500 wáàtì ni wọ́n kọ sára bílẹ́ńdà tí mo rà, àmọ́ kò pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bíi rọ́bà tó ń jó, ó sì dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré la sábà máa ń fi tàn án. Èwo ni kí n rà báyìí? Sítírọ́ọ̀ onípépà tí mo sì ń rà fáwọn ọmọ, wọn kì í tíì mu ún dé ìdajì tí á ti rọ̀. (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, ìyá wa, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ 4500 yẹn wò, torí òǹkà tí wọ́n fi ń tajà ni. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò nílẹ̀ yìí, áńpíà 13 ni òpin ohun tó lè gbà. Iná tó bá wá dáadáa, fólítì 230 ni. Áńpíà lọ́nà fólítì ló ń di wáàtì: 13 lọ́nà 230 kò pé 3000 wáàtì. Ibo ni bílẹ́ńdà fẹ́ gbà fa 4500? Ẹ tún wo wáyà rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tẹ 2×0.75 tàbí 3×0.75 (iye wáyà tó wà nínú rẹ̀ àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó) sára rẹ̀ wínníwínní. Áńpíà 6 péré ni irú wáyà bẹ́ẹ̀ wà fún, ìyẹn ò sì tó 1400 wáàtì. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kẹ́ ẹ dojú rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ ka àkọlé ìdí rẹ̀. Tí òǹkà méjì bá wà níbẹ̀, èyí tó kéré ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Tí kò bá sí àkọlé kankan nídìí rẹ̀, ẹ bá a fi sílẹ̀ sórí àtẹ.

Tá a bá ń sọ wáàtì gidi, 300 sí 400 ń lọ èso tí kò dì láìsí wàhálà. Èso tó ti dì nínú fìrísà, tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́, ń fẹ́ nǹkan bíi 500 sí 700. Yìnyín odidi, dàbínù gbígbẹ àti ófíò ló ń béèrè 1000 sókè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti le ni jẹnẹrétọ̀. Irú èyí táwọn èèyàn ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í gbé ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ fún iṣẹ́ gidi, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ́ńjìnnì bílẹ́ńdà ló máa ń fa iná ju ti àkọlé rẹ̀ lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Tí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n bá ti wà lórí rẹ̀, fólítì á já wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ra, fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lábẹ́ náà á máa wọ́ra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídì á wá dá abẹ dúró. Ẹ́ńjìnnì tí iná wà lára rẹ̀ tí kò lè yí, ooru ni gbogbo iná yẹn ń dà, kì í sì í pẹ́ tí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sínú ẹ́ńjìnnì) á fi jó.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ju ti àtijọ́ nù, ẹ yẹ ẹ́ wò. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì kúrò, kẹ́ ẹ wo rọ́bà eléyín tó wà lórí ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń bá abẹ yí. Tí eyín rẹ̀ bá ti jẹ, òun ló ń rùn bíi rọ́bà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Gbígbé jọ́ọ̀gì sókè nígbà tí abẹ ò tíì dúró ló máa ń tètè jẹ ẹ́. Tí kò bá tan rárá, ẹ wo fíùsì inú púlọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà ẹ wo bóyá bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà nídìí rẹ̀. Bílẹ́ńdà tó ní in máa ń pa ara rẹ̀ tó bá ti gbóná jù. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tí òórùn ọjọ́ yẹn bá ta yín nímú bíi fáníìṣì tó jó, kọ́ìlì ló lọ. Lórí bílẹ́ńdà olówó pọ́ọ́kú, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ lọ wé e.

Nítorí jẹnẹrétọ̀ yín, èyí tí mo máa ní kẹ́ ẹ rà ni 400 sí 500 wáàtì gidi, jọ́ọ̀gì lítà kan ààbọ̀, tí abẹ rẹ̀ ṣeé tú nídìí, tí wọ́n sì ń ta rọ́bà eléyín àti wáṣà rẹ̀ (rọ́bà roboto tí kì í jẹ́ kí omi jò nídìí jọ́ọ̀gì) lọ́tọ̀ lọ́jà. Ẹ béèrè wáṣà yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó. Bílẹ́ńdà tí kò ní spare part, ẹ má rà á. Tó bá jẹ́ pé iná ìjọba lẹ ó máa fi lọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ni, 700 á dáa jù. Lórí jẹnẹrétọ̀, ẹ yọ fíríìjì kúrò kẹ́ ẹ tó tan bílẹ́ńdà, kẹ́ ẹ sì gbé èso jáde kúrò nínú fìrísà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú.

Bẹ́ ẹ ṣe kó nǹkan sí i ṣe pàtàkì ju owó tẹ́ ẹ fi rà á lọ. Fún ẹ̀yin mẹ́ta: omi tàbí yógọ́ọ̀tì mílílítà 400 ló kọ́kọ́ wọlé, kí ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, kí ọ̀pẹ̀-òyìnbó dídì tó tó gíráàmù 200 wá kẹ́yìn. Ẹ má kún jọ́ọ̀gì kọjá ìdá méjì nínú mẹ́ta. Kí gígé èso má tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, kẹ́ ẹ sì gé àárín líle ọ̀pẹ̀-òyìnbó dànù, torí fọ́nrán rẹ̀ ló ń dí sítírọ́ọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní wéréwéré lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ tó wá jẹ́ kó yí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún tàn án.

Ẹ tẹ́tí sí ohùn rẹ̀. Tó bá ń kùn wúwowúwo, ó ń lọ nǹkan. Tó bá ṣàdédé bọ́ sí fíìì tóóró, tí òkè smoothie ò sì mì mọ́, atẹ́gùn ti yí abẹ ká, ó kàn ń gé òfìfo ni. Kì í ṣe ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ fi kún eré rẹ̀ nìyẹn o. Ẹ pa á, ẹ fi síbí gígùn ti èso wálẹ̀, kẹ́ ẹ bu omi síbí mẹ́ta sí i.

Irú tí wọ́n ń dojú ife rẹ̀ dé sórí ẹ́ńjìnnì, òdìkejì ni: èso dídì ló ń kọ́kọ́ wọlé, omi ló ń gbẹ̀yìn, torí òkè ló máa di ìsàlẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ohun gbígbóná tàbí mínírà tó ń hó sínú ife yẹn láé. Kò ní ibi tí atẹ́gùn á gbà jáde, ó lè bú gbàù lójú èèyàn.

Bó bá jẹ́ bílẹ́ńdà ata náà ni, ẹ ra jọ́ọ̀gì kejì, ó kéré tán wáṣà kejì. Rọ́bà wáṣà máa ń fa òórùn ata àti àlùbọ́sà mọ́ra, ọṣẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá rí omi dúdú bíi gíríìsì lábẹ́ abẹ, búùṣì (ihò onírin tí ọ̀pá abẹ ń yí nínú rẹ̀) ti jẹ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ odindi abẹ náà, ẹ má mu ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò béèrè, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé bílẹ́ńdà ló fà á: smoothie tó ń korò lẹ́yìn wákàtí kan. Nínú ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó tútù ni èròjà kan wà tó ń tú purotéènì mílíìkì palẹ̀, ìyẹn ló ń mú un korò. Fìrísà kì í pa èròjà náà. Ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi omi lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá da mílíìkì sí i tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún.

Ó wá ku sítírọ́ọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, mìlímítà 6 ni, ti mínírà àti omi èso ni. Smoothie ń fẹ́ 8 sí 10. Mìlímítà 12 ló yẹ èyí tó ki bí ògì. Ìyàtọ̀ náà ju bó ṣe rí lójú lọ: bí ihò bá fi ìlọ́po méjì fẹ̀ sí i, ìrọ̀rùn fífà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Láti 6 sí 8 nìkan, ó ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Bí ìta sítírọ́ọ̀ ṣe fẹ̀ tó ni òǹkà tí wọ́n ń kọ ń wọ̀n, kì í ṣe ihò rẹ̀, nítorí náà ẹ yọjú wo ihò ti onírin. Kó sì yọ sókè ife ní ìka mẹ́ta.

Onípépà ò jẹ̀bi. Smoothie kì í tán kíá, pépà sì ń mu omi. Tí ihò rẹ̀ bá tún tóóró, ọmọ á máa fà á, ẹnu rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀. Fáwọn ọmọ yín, onísílíkónì mìlímítà 8 tàbí 10 ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba òórùn mọ́ra díẹ̀. Mi ò fara mọ́ onírin lẹ́nu ọmọ tó ń sáré kiri. Lọ́dún 2016, Starbucks gba sítírọ́ọ̀ onírin bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ padà ní Amẹ́ríkà torí ó gé àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ẹ̀yin lè lo onírin, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 304 sí (irú irin kan tí kì í tètè dípẹtà). Ọparun kì í pẹ́ bu lójú ọjọ́ wa. Oníke ìlò-ẹ̀ẹ̀kan, Èkó ti fòfin dè é láti oṣù Keje 2025, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà níbẹ̀ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fọ sítírọ́ọ̀ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ sínú rẹ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, àti búrọ́ọ̀ṣì tóóró tó gba ihò náà já. Ẹ gbé onírin síbi ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yọjú wo inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Òòró ni kẹ́ ẹ nà án sínú ife kó lè gbẹ, ẹ má tò ó sílẹ̀ gbalaja.