Káfíńtà kan ń wá àwọn tó ń fi ọtí sílẹ̀ ní Ìlọrin

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìlọrin ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, mo ní ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta. Paraga ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní gáréèjì, láàárọ̀, kí ara lè le fún iṣẹ́. Ó ti di ọdún kẹfà báyìí, ògógóró ni mò ń mu lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi í sílẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù kò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ. Tí mi ò bá mu ún títí di ọ̀sán, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n débi pé mi ò lè fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lórí pákó. Ẹnì kan tó ti Èkó dé sọ fún mi pé àwọn kan máa ń pé jọ, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má baà mutí mọ́. Níbo ni tiwọn wà ní Ìlọrin? Áfáà ni bàbá mi. Tí ẹnikẹ́ni bá rí mi níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ?
Káfíńtà, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó mẹ́nu ba ìpàdé. Má ṣe dá nìkan já ọtí lójijì nínú ilé. Ara tó ti mọ́ ọtí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí ọtí bá kúrò nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹlòmíràn á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, á máa sọ ìsọkúsọ, ara á gbóná, ọkàn á máa sáré. Ó máa ń pa èèyàn.

Mo rí i lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Òmù-Àrán. Ìyàwó rẹ̀ tì í mọ́ yàrá, tìfẹ́tìfẹ́, pé tí kò bá ti rí ọtí, á gbàgbé rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kejì, ó ń fi ọwọ́ gbá èèrà kúrò lára ògiri, bẹ́ẹ̀ èèrà kankan ò sí níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti gbé e, ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́, àti awakọ̀ kan tó gbà láti gbé wa ní aago mẹ́rin ìdájí.

Nítorí náà, UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin lójú ọ̀nà Jẹ́bbà, ni kí o kọ́kọ́ lọ. Béèrè ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Behavioural Sciences, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ọtí tó di bárakú. Sọ iye tí ò ń mu gan-an fún dókítà, má dín in kù nítorí ìtìjú, torí iye yẹn ni yóò fi mọ oògùn tí yóò fún ọ, tí yóò sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á tún fún ọ ní fítámínì B1, nítorí ọtí máa ń jẹ ẹ́ tán nínú ara. Níbẹ̀ náà ni kí o ti bi àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ (social worker) pé: ṣé àwọn tó ti fi ọtí sílẹ̀ ń pàdé nítòsí? Ọjọ́ wo? Ta ni kí n pè? Pe ẹni náà kí o tó kúrò nílé, torí irú ìpàdé báyìí máa ń yí ibùjókòó padà.

Èyí tí ará Èkó yẹn ń sọ, ó jọ pé Alcoholics Anonymous ni, tí wọ́n ń pè ní AA. Ní 1935, ọ̀gbẹ́ni kan láti New York, Bill Wilson, lọ ṣòwò nílùú Akron ní Amẹ́ríkà. Òwò náà fọ́. Ẹ̀rù bà á pé òun máa tún mutí, ló bá gbé tẹlifóònù ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bob Smith, ni wọ́n júwe fún un. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún yẹn ni dókítà náà mu ọtí ìkẹyìn, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Ẹni méjì péré.

Wọn kì í gba owó ìwọlé. Kí o fẹ́ ṣíwọ́ ọtí nìkan ni wọ́n ń béèrè. Orúkọ kan péré tó, o sì lè jókòó kí o máa gbọ́ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run o, ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ Ọ́n ni; kò dí ìrun rẹ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò rí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní Òmù-Àrán. Ó rí tíṣà kan ní Ọ̀fà tí ọtí ti lù bíi tiẹ̀. Ní Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà ìlú àwọn méjèèjì ti pínyà, ni wọ́n ti ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì. Ẹni tí òùngbẹ ọtí bá ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ á pe ẹnì kejì, ì báà jẹ́ òru. Wọ́n di mẹ́ta, wọ́n di márùn-ún. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fi ọtí kan ẹnu. Tí o kò bá rí ìpàdé nítòsí, wá ẹnì kan ṣoṣo. AA tún ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ jù, o sì lè pa kámẹ́rà kí ẹnikẹ́ni má rí ojú rẹ.

Ní ti bàbá rẹ: ẹni tó bá rí ọ nínú ìpàdé, ohun tó gbé ìwọ wá ló gbé òun náà wá. Ìyàwó rẹ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, lónìí. Ó ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibikíbi tí wọ́n bá sì ti ń de ọ̀mùtí ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tàbí nà án, má gbà kí wọ́n mú ọ débẹ̀, orúkọ yòówù kí wọ́n máa pe ara wọn.

Lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, jẹun kí o tó lọ, má gba gáréèjì kọjá, kí ìyàwó rẹ sì bá ọ lọ. Tí gìrì bá mú ọ kí ọjọ́ náà tó pé, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù ni kí wọ́n gbé ọ lọ, kí wọ́n má dúró de UITH. Kọ lẹ́tà sí mi tí o bá dé.