Kúbùsù àlẹ̀pọ̀ mẹ́rin nílẹ̀, ẹ má kó ìkankan dànù

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò mi. Ẹ ní kúbùsù àlẹ̀pọ̀ mẹ́rin, èyí tí a ń fi ègé aṣọ rán pọ̀, lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọmọ tuntun, kò sí èyí tó parí, bàbá àwọn ọmọ sì ní kí ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ kó ìyókù dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó nǹkan kan dànù. Òṣogbo níbí lèmi náà ń gbé, iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi tọ́ ọmọ, àgékù ańkárá àti àdìrẹ tó ń bọ́ lára aṣọ oníbàárà ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, márùn-ún ló wà nílẹ̀ fún mi, kò sí ọ̀kan tí èèyàn lè fi bora.

Mo rò pé mo mọ ibi tí iṣẹ́ yín ti há. Ìpele iṣẹ́ kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Tèmi nígbà náà, áyọ́ọ̀nù ni márààrún ń dúró dè. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí, gbogbo rẹ̀ dúró. Láti ìgbà tí mo ti rí i, mi ò jẹ́ kí méjì wà ní ìpele kan mọ́. Ọ̀kan á wà níbi gígé, ìyẹn ń fẹ́ ojúmọmọ. Ọ̀kan á wà lórí máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀, kò bẹ iná. Èyí tí mo fẹ́ tẹ́ lé ara, ojú rẹ̀, inú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ń fẹ́ gbogbo ilẹ̀ pálọ̀, ọjọ́ Sátidé tí ilé bá dá ni mo ń fi í sí. (Fún inú, aṣọ ìbùsùn àtijọ́ tó ti rọ̀ ni mò ń lò. Ooru ilẹ̀ wa kò gba nǹkan tó nípọn, ó sì tó fún ọyẹ́.) Èyí tó ku etí nìkan, ọwọ́ ni mo fi ń rán an, òun ló ń bá mi lọ sí ìpàdé ẹbí.

Ẹ wá lọ ra àpò mẹ́rin, ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dọ́kàn. Lọ́dún tí mo wí yẹn, mo ki iṣẹ́ méjì sínú báàgì ńlá kan: ọ̀kan jẹ́ funfun àti yẹ́lò, ti ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, ìkejì jẹ́ ègé àdìrẹ tuntun tí mo rà ní Ọjà Ọba, tí mi ò tíì fọ̀. Òjò rọ̀ lóru, òrùlé jò sórí báàgì náà, mi ò sì mọ̀. Nígbà tí mo tú u lọ́jọ́ kẹta, funfun ti mu aró. Àbàwọ́n kan wà láàárín gbùngbùn, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó dúdú láàárín, ó ń ṣá lọ sí etí. Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi di àwọ̀ ojú ọ̀run, kò kúrò. Àbúrò mi lọ sílé ọkọ láìsí kúbùsù náà.

Ìlú aró la wà, ẹ jẹ́ ká fi ojú aró wò ó. Orí òwú ni aró èlú ń jókòó sí, kì í wọ inú rẹ̀ tán. Èyí tí kò dì mú dáadáa, omi á kó o jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó ki àlùmọ́gàjí bọ àdìrẹ, ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́. Ọ̀kan gba omi méje lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ rí i pé láfún tí wọ́n fi ya ọnà ti kúrò tán, kó má baà máa gan lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Téèpù tí a fi ń wọn aṣọ ń kọ́? Mo fi kúbùsù ńlá kan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, 320 ègé ni, 16 ní ìbú, 20 ní òòró. Nígbà tí mo padà sí i, mo fi téèpù tuntun gé ìyókù ní ínǹṣì 4½. Àṣé téèpù àtijọ́ ti nà, ègé tó fún mi fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínǹṣì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Kékeré ni lójú, àmọ́ ẹ sọ ọ́ di 16: ìlà àtijọ́ fi ínǹṣì méjì gùn ju ìlà tuntun lọ. Mo tú ìlà mẹ́sàn-án. Páálí tí mo gé sí ìwọ̀n ègé kan ni mo fi ń wọn aṣọ kí n tó gé e báyìí, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní páálí tirẹ̀ nínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú bébà tí mo fi píìnì há mọ́ aṣọ: “Mo ti rán ìlà keje tán, aláwọ̀ ewé ló kàn.” Bí mo bá tú àpò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mi ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Èyí tó wá yára jù fún mi: ẹ máa rán ègé yín ní méjì-méjì tẹ̀ lé ara wọn láì já òwú, bí ẹni sín ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ má fa aṣọ jáde. Ẹ mú ègé méjì láti inú iṣẹ́ MÌÍRÀN, ẹ rán an tẹ̀ lé e, ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣínnì, kí ẹ wá gé ti ẹ̀yìn kúrò. Orí ègé méjì tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà, òwú kò ní í ká lọ́rùn abẹ́rẹ́, ẹ kò sì ní í máa fi àkísà ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé abọ́ ègé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣínnì fún èyí. Láàárín oṣù márùn-ún, abọ́ náà ṣófo, gbogbo ègé rẹ̀ ti so pọ̀ ní méjì-méjì, mi ò sì yan ọjọ́ kan ṣoṣo fún un.

Tí bàbá àwọn ọmọ bá tún sọ̀rọ̀, ẹ rán an létí ẹ̀kú eégún tó ń rí: aṣọ lórí aṣọ, ìran kan rán tirẹ̀, ìran tó tẹ̀ lé e fi tirẹ̀ kún un.

Lálẹ́ òní, ẹ ka iye ègé tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé èyí tó kéré jù síwájú. Ti ọmọ tuntun tí ẹ sọ yẹn, bó bá jẹ́ 81 ègé bíi èyí tí mo rán fún ọmọ-ọmọ mi, mẹ́sàn-án níbùú, mẹ́sàn-án lóòró, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí. Mo ṣì ní páálí 4½ tí mo gé sílẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá sí Ọjà Ọba, ẹ kọ sí mi, màá mú ọ̀kan wá fún yín.