Ṣé òtítọ́ kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn ń sọ?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé òtítọ́ kan náà ló wà nínú gbogbo ẹ̀sìn, àbí ìgbàgbọ́ asán lásán ni wọ́n. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì lẹ dì pọ̀ sójú kan.

Ní ti ìwà, wọ́n jọra. Confucius, ọlọ́gbọ́n ará Ṣáínà tó kú ní ọdún 479 ṣáájú ìbí Jésù, ní ohun tí o kò bá fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọ, má ṣe é sí ẹlòmíì. Jésù náà sọ irú rẹ̀ nínú Mátíù 7:12.

Ṣùgbọ́n ẹ kúrò lórí ìwà, kí ẹ wo ìjà! Kristẹni ní wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú. Kùránì 4:157 ní wọn kò kàn án. Méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. (Àwọn tó ń sọ pé "ọ̀kan náà ni gbogbo wa" kì í fẹ́ dé ibí yìí.)

Ti ìgbàgbọ́ asán ńkọ́? Ní 1948, Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ará Amẹ́ríkà, kó àwọn ẹyẹlé tébi ń pa sínú àpótí. Oúnjẹ ń wá lásìkò tirẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n ṣe. Kò pẹ́, ọ̀kan ń yí bírípó, òmíràn ń na orí sí kọ̀rọ̀ àpótí, bíi pé ìyẹn ló ń gbé oúnjẹ wá. Mo rí ara wa níbẹ̀, mi ò purọ́. Àmọ́ ẹyẹlé wọ̀nyẹn ò fi oúnjẹ tiwọn sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ẹ̀sìn sì máa ń mú èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè pe gbogbo rẹ̀ ní asán.