Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ: ṣé irú náà wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ilé ọkọ mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí òórùn irú bá ti kan ọkọ mi nímú báyìí, ó ti dìde nídìí oúnjẹ nìyẹn. Èmi àti àwọn ọmọ sì fẹ́ràn irú gan-an. Ìyá ọkọ mi ní kí n má sè é nílé mọ́, pé ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé ilé kì í sè é. Ṣé ohun tí òwe yẹn ń sọ nìyẹn lóòótọ́?

Ìdáhùn: Rárá o, òwe náà kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ yín kò purọ́ mọ́ òwe o; òwe tí àwọn àgbà fi ń ṣọ́ nǹkan kan ni wọ́n mú, tí wọ́n wá fi lé nǹkan mìíràn lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí òwe náà ti jáde. Agbo ilé ni. Baálé kan, ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kálukú wọn pẹ̀lú ààrò tirẹ̀ àti ìkòkò tirẹ̀. Ẹni tí oúnjẹ bá kàn lọ́jọ́ náà ni yóò gbọ́ ti baálé. Ọbẹ̀ tí òwe ń sọ ni ọbẹ̀ tó ń lọ síwájú baálé. Èyí tí ìyàwó kejì bá gbé ka iná nínú ìṣaasùn kékeré fún ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, baálé wo ló ń wá ṣí ìdérí rẹ̀ wò? Àfi bí èèwọ̀ bá wọ̀ ọ́.

Èèwọ̀ gan-an ni òwe náà ń ṣọ́. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ó sì sábà máa ń bá òrìṣà ìdílé rìn. Iyọ̀ kì í wọ oúnjẹ Ọbàtálá, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í mu ẹmu. Ẹni tó ń bọ Ọya kì í jẹ ẹran àgbò. Ẹnikẹ́ni kì í gbé àdín dé iwájú Èṣù. Èèwọ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, tí Ifá sọ nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo ní ọmọ tuntun pé báyìí báyìí kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kò lè mọ gbogbo èyí. Ìyáálé tó ti pẹ́ nínú ilé ló mọ̀ ọ́n, òun ló sì ń kọ́ àwọn tó kù. Ìdí nìyẹn tí òwe fi di ẹrù náà lé ìyáálé lórí. Bí ó bá ṣi ọbẹ̀ náà sè, wọ́n gbà pé wàhálà rẹ̀ lè kọjá ti baálé nìkan, kó ran ọmọ àti ilé.

Ẹni tó ní "èèwọ̀ ilé wa ni" àti ẹni tó ní "ó ń rí mi lára", ọ̀nà wọn ò pa pọ̀. Àwọn àgbà kì í jiyàn pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, wọ́n á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé ẹnu rẹ̀ ń ṣe fáàrí. Èmi ò fara mọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ irú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Igi irúgbá pọ̀ lọ́dàn ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí. Wọ́n á se kóró rẹ̀ di ọjọ́ kejì kó tó rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ bọ́, wọ́n á ṣàn án mọ́, wọ́n á tún un sè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí igbá, wọ́n á fi ewé àti aṣọ bò ó gbóná gbóná, ó di bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nínú òkùnkùn yẹn ni àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, pàápàá èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus subtilis, ti ń wó pròtéènì inú kóró náà palẹ̀. Adùn irú ti ibẹ̀ wá, gáàsì ammonia náà sì ti ibẹ̀ wá. Gáàsì kan náà yẹn ló máa ń ta síni nímú níbi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́ sí. Èmi àti ẹ̀yin tí wọ́n fi irú tọ́ dàgbà, adùn la kọ́kọ́ ń gbọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ammonia ni imú rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ́, fáàrí wo ló wà nínú ìyẹn?

Àwọn òyìnbó náà ní irú tiwọn, ewé ni. Coriander ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ wa tó wà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan á jẹ ẹ́, á ní ó ta sánsán. Ẹlòmíràn á ní ọṣẹ ni wọ́n fi se ọbẹ̀ òun. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Toronto bi àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 1,000 léèrè: nínú àwọn tí ìran wọn ti Ìlà Oòrùn Éṣíà wá, 21 nínú ọgọ́rùn-ún ló kórìíra rẹ̀, nínú àwọn ọmọ ìran Áfíríkà, 14, nínú àwọn tí ìran wọn ti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn wá, 3 péré. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn mìíràn rí i pé ìkórìíra náà bá apá kan nínú àbùdá tí òbí fi ń bí ọmọ (jíìnì) tan, níbi tí ìlànà àwọn ohun tí imú fi ń gbóòórùn wà. Ṣùgbọ́n ipa tí àbùdá kó nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí ènìyàn bá pàdé lọ́nà náà ń kó ipa tirẹ̀.

Ọ̀nà kan ni inú ìyá. Onímọ̀ kan, Julie Mennella, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn aboyún kan máa mu omi kárọ́ọ̀tì. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọ́n gba oúnjẹ tó ní kárọ́ọ̀tì tọwọ́tẹsẹ̀ ju àwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi lásán lọ. Ọdún 2001 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú yín ni àwọn ọmọ yín ti mọ irú.

Ọ̀nà kejì ni àìsàn. Ní 1955, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Garcia fún àwọn eku ní omi dídùn mu, ó sì mú kí inú wọn dà rú ní àsìkò kan náà. Wọ́n kọ omi dídùn náà lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ omi náà kọ́ ló ṣe wọ́n. Ẹ lè fi ẹ̀rìn bi ọkọ yín bóyá irú wà nínú ohun tó bì ní kékeré. Mo mọ àwọn tó kórìíra èfìnrìn títí dòní torí pé nígbàkígbà tí inú bá ń run wọ́n ní ọmọdé, wọ́n á fún un sí wọn lẹ́nu, wọ́n á di imú wọn mú. Àgbà ti dé sí wọn, wọ́n ṣì ń rí ọwọ́ ìyá àgbà lára ewé náà.

Bí ara ọkọ yín bá ń wú, tó ń yún un, tàbí tí èémí ń há a nígbà tó bá jẹ irú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwe.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá wà nípò yín rèé. Ẹ kúnlẹ̀ bi ìyá ọkọ yín ní ohùn pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ṣé èèwọ̀ ilé yìí ni irú ni, àbí Bàbá Lágbájá ni kò fẹ́ ẹ?" Bí wọ́n bá ní èèwọ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí: kí irú má wọ ìkòkò, kó má wọ ṣíbí, kó má kan ọlọ. Bí wọ́n bá ní kò fẹ́ ẹ ni, ìkòkò méjì ló tán an, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbo ilé.

Kò rọrùn o, mo mọ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété lẹ wà, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, ọbẹ̀ sì ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀. Irú wooro ni kí ẹ máa rà, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Pẹ̀tẹ̀ kò ṣeé ṣàn, á bá omi lọ ni. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kó tó wọ fìríìjì. Ẹ̀fọ́ rírò ni kí ẹ sè lọ́tọ̀, torí inú epo gbígbóná ni irú rẹ̀ ń bọ́ sí, òórùn rẹ̀ sì ń gba gbogbo ìkòkò. Ti ọkọ yín, ẹ fi edé gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ fún un ládùn. Ti ewédú kò le rárá. Ẹ fi kọ́ún díẹ̀ sè é, ẹ fi ìjábẹ̀ já a, ẹ bu ti ọkọ yín sọ́tọ̀, kí ẹ tó wá da irú sí èyí tó kù. Ìjábẹ̀ tí ẹ bá fi ro irú mọ́ ti àwọn ọmọ, ẹ má ṣe tì í bọ tirẹ̀ o. Imú yẹn á mọ̀.