Ṣé Kí Wọ́n Dé Adé Lásán Ni? Ìbéèrè Yín Lórí Àwọn Ayaba Yúróòpù Ayé Ọjọ́un

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Kabba ni mo wà, aṣọ ni mò ń tà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́, ló bá ní gbogbo ayaba òyìnbó ayé ọjọ́un, kò síṣẹ́ míì lọ́wọ́ wọn ju kí wọ́n dé adé kí wọ́n sì bímọ fọ́ba, pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ n ò rí ẹ̀rí mú wá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Okun o, ìyá aláṣọ. Ẹ bá mi kí tíṣà, ẹ ní wọ́n jàre díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni o. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ò ní ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ fún un, bóo fẹ́ ọba, kuíìn ni ẹ́, bóo jọba fúnra ẹ, kuíìn náà ni. Àwa ní olorì, a ní ìyá ọba, a ní adelé, a ní ọbabìnrin, kálukú ló sì ní àyè ẹ̀, bí aṣọ ìpò tí wọ́n fi ń sìnkú àgbà ò ṣe lè di aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ ọjà. Tẹ́ ẹ bá fi èdè tiwa wò wọ́n, ẹ máa rí i pé wọn ò rí bákan náà rárá, ẹlòmíì tiẹ̀ ti jẹ mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn kó tó kú.

Ẹ mú Eleanor ti Aquitaine, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Faransé. 1137 ni bàbá ẹ̀ kú láìfi ọmọkùnrin sáyé, ọmọdébìnrin tí ò ju bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ló bá jogún ilẹ̀ tó tóbi ju èyí tí ọba Faransé fúnra ẹ̀ ń dárí tààrà lọ. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í fún Louis ọmọ ọba, ìgbéyàwó ò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá ọkọ kú, ó sì di olorì Faransé. Wọ́n bá ara wọn gbé fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, ọkọ ń wá ọmọkùnrin lójú méjèèjì. 1152, àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó ní Beaugency, wọ́n ní ẹbí ni tọkọtaya tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí wọ́n ti fẹ́ra, wọ́n tú u ká. Ibi tó dùn nìyí: ilẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé e lọ! Ogún bàbá ẹ̀ ni, ọkọ ò lè gbà á. Kò tíì pé oṣù méjì tó fi fẹ́ Henry ti Anjou, ọmọkùnrin tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ, 1154 Henry gun orí oyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olorì Faransé àná bá di olorì Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin márùn-ún ló bí fún èyí, pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta. Ojú Louis nìkan ni ǹ bá fẹ́ rí lọ́jọ́ tí ìròyìn ọmọkùnrin àkọ́kọ́ dé.

Àmọ́ kò pẹ́ tí ilé yẹn náà gbóná. 1173 àwọn ọmọ dìde sí bàbá wọn, ìyá wà lẹ́yìn ọmọ. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ní aṣọ ọkùnrin ló wọ̀, ọkọ bá tì í mọ́lé, kò sì bọ́ títí ọkọ fi kú ní 1189. Bí ọdún 16 nìyẹn o. Richard ọmọ ẹ̀ ló jọba, kó dà bíi pé eré ni, obìnrin tó jáde látìmọ́lé ló di ẹni tó ń bá ọmọ mú ìlú ró nígbà tọ́mọ lọ jagun nítorí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí Richard ń bọ̀ ni wọ́n mú un lọ́nà, ó dé ọwọ́ ọba ńlá Jámánì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà àgbègbè wa yìí, mi ò ní láti ṣàlàyé fún yín ohun tí owó ìtúsílẹ̀ máa ń fi ojú ẹbí rí. Wọ́n gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń wọlé fún àwọn èèyàn, wọ́n kó ife fàdákà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó irun àgùntàn àwọn mọ́ǹkì, Eleanor ló dúró ti gbogbo ẹ̀ títí 100,000 máàkì fàdákà fi pé, òun alára ló sì lọ sí Jámánì lọ gba ọmọ ẹ̀ lóṣù kejì 1194, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn.

Ẹ wá sọ fún tíṣà pé owó náà ṣe kókó. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tẹ́nì kan bá ṣèlérí owó fún ọba nítorí ojúrere kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá máa wà lórí ẹ̀ fún olorì, góòlù ayaba ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un kó lè rí nǹkan jẹ tọ́kọ bá kú, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tiẹ̀, ó ní èdìdì tó fi ń tẹ lẹ́tà. Níbi tí tíṣà ti jàre ni pé ọmọ bíbí wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́. Kì í kàn ṣe pé wọ́n ń bímọ fọ́ba, ọmọ yẹn ló ń sọ ìyá di ìyá ọba, ibẹ̀ lagbára gan-an wà.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìsánlú. Wọ́n kọ́ wa pé Henry Kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi Matilda ọmọ ẹ̀ ṣe àrólé, àwọn ìjòyè sì búra fún un. Kí ló dé tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́?

Ìdáhùn: Ọmọ dáadáa. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyàwó ilé bí fún Henry lọ ní 1120, ìyẹn ló fi di dandan kó yíjú sí Matilda, tí wọ́n ti rán lọ Jámánì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ fẹ́ ọba ibẹ̀, tọ́kọ sì ti kú. 1127 ni wọ́n búra, Stephen ọmọ àǹtí ẹ̀ wà lára àwọn tó búra o. Henry kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá 1135, Matilda wà lókè òkun lọ́dọ̀ ọkọ kejì, oyún sì wà nínú ẹ̀. Stephen bọ́ sọ́kọ̀, kí oṣù tó parí wọ́n ti dé e ládé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́ràn ọkọ yẹn rárá, ará Anjou ni, ọ̀tá ilé wọn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n rò pé tí ìyàwó bá gba adé, ọkọ ló máa wá jókòó lé wọn lórí.

Àmọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1141 dáadáa, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kóo fà lé lábẹ́ nínú nóòtì ẹ. Oṣù kejì, ọ̀wọ́ Matilda mú Stephen láàyè ní Lincoln, ọba wà látìmọ́lé, adé kù díẹ̀. Ó wọ London, ó ní kí wọ́n mówó wá, kò bá wọn ṣàwàdà. Wọ́n ní ó gbéraga. Lóṣù kẹfà, bó ṣe ń múra àtijẹun ni agogo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ará ìlú tú síta, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ sá lọ. Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀? Ìyàwó Stephen, Matilda lorúkọ tiẹ̀ náà, ló kó ọmọ ogun dé ẹnu ibodè London, òun náà ló jà títí wọ́n fi mú ẹ̀gbọ́n Matilda ọmọ Henry tí wọ́n sì fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọkọ ẹ̀. Obìnrin méjì, orúkọ kan, ogun kan náà. Èyí tó ń jà fún ọkọ, wọ́n yìn ín pé akọni ni. Èyí tó ń jà fún ara ẹ̀, wọ́n ní agbéraga ni, bẹ́ẹ̀ bí bàbá ẹ̀ ṣe ń gbowó lọ́wọ́ wọn nìyẹn tẹ́nì kankan ò wí nǹkan.

O mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọbìnrin ọba ṣe adelé ní Àkúrẹ́ àti ní Èkìtì, tó máa wọ aṣọ ọba, tí gbogbo ìlú á máa kí i ní kábíyèsí? Wọ́n ń kí i nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tó máa bọ́ aṣọ yẹn. Ká ní Matilda sọ pé òun fẹ́ dúró de ọmọ òun ni, èrò tèmi ni pé London ì bá jẹ́ kó jẹun ẹ̀ tán. Nígbẹ̀yìn, bó ṣe parí náà nìyẹn, ọmọ ẹ̀ ló jọba ní 1154, Henry tí Eleanor fẹ́. Má gbàgbé Oxford ṣá o: oṣù kejìlá 1142, Stephen ká a mọ́ ilé olódi, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, ó fi aṣọ funfun bora lóru, ó fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí odò tó ti dì, àwọn sójà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò rí i.

Ìbéèrè: Mopa ni mo ti ń kọ ọ́, ẹ má dárúkọ mi o. Ṣé àwọn ayaba náà máa ń ní wàhálà ìyá ọkọ ni, àbí èmi nìkan?

Ìdáhùn: Háà, ìyàwó wa, jókòó. Blanche ti Castile, ọmọ-ọmọ Eleanor yẹn, Eleanor fúnra ẹ̀ ló lọ mú un wá láti Spéìn ní 1200 nígbà tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, kó wá fẹ́ ọmọ ọba Faransé. 1226 ọkọ kú, ọmọ ẹ̀ Louis Kẹsàn-án jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, Blanche di adelé, àwọn ìjòyè ṣọ̀tẹ̀, ó fi ogun àti ọgbọ́n kápá wọn. Obìnrin ni! Àmọ́ nígbà tọ́mọ fẹ́ Margaret ti Provence, Blanche ò fẹ́ kí tọkọtaya máa jókòó pọ̀. Joinville tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba ló kọ ọ́ sílẹ̀: ààfin Pontoise ni tọkọtaya fẹ́ràn jù, nítorí yàrá ọkọ wà lókè, ti ìyàwó wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn kan sì wà láàárín, orí àtẹ̀gùn yẹn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá rí ìyá tó ń bọ̀, wọ́n á fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn, ọba a sáré gòkè, ìyàwó a sáré wọlé. Ọba Faransé o.

Margaret náà kì í ṣe ojo. 1250, wọ́n mú ọkọ ẹ̀ lójú ogun ní Íjíbítì, òun wà ní Damietta, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọ́n ní àwọn ará Pisa àti Genoa fẹ́ fi ìlú sílẹ̀ nítorí ebi. Lọ́jọ́ kejì ọmọ, ó pè wọ́n wá síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun á ra gbogbo oúnjẹ ìlú, òun á bọ́ wọn. Wọ́n dúró, ìlú yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n fi gba ọba padà. Nígbà tí ìyá ọkọ kú ní 1252, Margaret sunkún, ẹnu ya Joinville, ó bi í pé kí ló dé. Ó ní ọkọ òun ló ń ṣe òun láàánú.

Ìbéèrè: Láti Ìyàrá. Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti pe obìnrin ní ọba tààrà?

Ìdáhùn: Ó wà. Dẹ́nmáàkì, 1387, ọmọ Margrete tó jọba ibẹ̀ kú, wọ́n fi ìyá ṣe olórí, wọ́n ò rí orúkọ oyè tó bá a mu, wọ́n bá pè é ní ìyálé àti baálé ìjọba pọ̀. Òun ló so Dẹ́nmáàkì, Nọ́wè àti Swídìn pọ̀ ní Kalmar ní 1397. Pólándì ló tiẹ̀ wá ṣe é jù, 1384 wọ́n dé Jadwiga ládé ní Kraków, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, ọba ni wọ́n kọ síwèé, wọn ò kọ ayaba. Ó kú ní 1399 lẹ́yìn ọmọ bíbí, ọmọ náà kú. Góòlù àti ohun ọ̀ṣọ́ ara ẹ̀ ló fi sílẹ̀ kí wọ́n fi tún yunifásítì Kraków dá. Ọ̀pá àṣẹ tí wọ́n fi sin ín pẹ̀lú ẹ̀, igi ni.