Àbúrò, má tíì fún éjẹ́ǹtì yẹn lówó

Ìwọ tó béèrè bóyá oṣù keje tàbí oṣù kìíní ló dáa kó o wá ṣe trial ní kíláàbù Tercera ní Sípéènì, tí éjẹ́ǹtì ẹ ní físà ìbẹ̀wò ti tó, jọ̀ọ́ dúró ná. Kíláàbù ìlú kékeré kan ní Extremadura, agbègbè kan ní Sípéènì, lèmi lọ, ojú mi rí nǹkan. Dífíṣọ̀n kẹta tí éjẹ́ǹtì ẹ ń pe Tercera yẹn, irọ́ ni, látọdún 2021 ìpele karùn-ún ni Tercera wà, gúrúùpù 18 ló ní, iṣẹ́ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ wà ń ṣe lójúmọmọ, alẹ́ la tó ń ṣe tréníǹ. Má wo ti Eibar, kíláàbù ìlú kékeré tó gun La Liga ní 2014.

Trial fúnra ẹ̀ ò le, o mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìwé ni wàhálà. Láìsí ficha, ìyẹn ìwé tí federation wọn fi ń forúkọ ẹ sílẹ̀, o ò lè wọ pápá, bó o bá sì ti forúkọ sílẹ̀ nílé rí, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé ìyọ̀ǹda láti Nàìjíríà kó tó jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fojú mi rí màbo. Akọ̀wé kíláàbù mi ní Sípéènì sọ pé Nàìjíríà ni ò dáhùn, mo pe federation Nàìjíríà, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, kíláàbù tí mo ti gbá nílé ní kí n kọ́kọ́ fowó ránṣẹ́ káwọn tó buwọ́ lùwé, mo padà sọ́fíìsì, ọ̀gá ibẹ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kí n wá ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń gbé omi fáwọn ẹlẹgbẹ́ mi, jéèsì mi ṣì wà nínú ọ̀rá. Kóòṣì fẹ́ràn mi gan-an, kò rí nǹkan ṣe sí i.

Bó o bá fara pa nígbà trial, àpò ẹ ni, ìbánigbófò federation ò kàn ẹ́ láìsí ficha. Bó ò bá tíì pé 18, FIFA ò gbà á, àfi bíi pé òbí ẹ ń kó lọ síbẹ̀ fún nǹkan tí ò kan bọ́ọ̀lù.

Físà ìbẹ̀wò, ọjọ́ 90 nínú 180 ni, kò gbà ẹ́ láyè láti ṣiṣẹ́ gbowó. Oṣù keje ni wọ́n ń múra síísìn, àmọ́ ìwé ni kó ṣáájú. Ní kí éjẹ́ǹtì yẹn fi nọ́ńbà láísẹ́nsì FIFA ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ lónìí.