Èsì: Aràn ajegungun kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni aràn tó ń jẹ egungun àbùùbùtán nísàlẹ̀ òkun, àti pé kí ni wọ́n ń jẹ kí àbùùbùtán tó dáyé.

Rárá o! Àwọn tó ti lórúkọ lé ní 20. Osedax ni orúkọ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo wọn jọ ń jẹ́. Ọdún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí wọn lára òkú àbùùbùtán ní Monterey Bay, Kalifọ́níà, níbi tó jìn tó nǹkan bí 2,900 mítà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé abo wọn kò lẹ́nu, kò sì nífun. Ńṣe ló ń ta gbòǹgbò wọnú egungun bí igi, tí yóò máa fi ásíìdì yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bakitéríà inú gbòǹgbò náà á sì máa ràn án lọ́wọ́ láti jẹun. Akọ ńkọ́? Ó kéré débi pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé lára abo kan. Ti Osedax priapus yàtọ̀: akọ rẹ̀ tóbi, òun náà ń jẹ egungun fúnra rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè kejì, wọ́n ti rí ihò tí irú wọn gbẹ́ sínú egungun plesiosaur, ẹran afàyàfà inú òkun ayé àtijọ́, láti nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Àbùùbùtán kò tíì sí nígbà náà. Àní egungun màlúù tí àwọn onímọ̀ rì sókun, wọ́n jẹ ẹ́.